Àwọn Igi Tí Mo Pè Ní Kúkúrú

Ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ rìn wá, mo kí yín kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó kí n tó dé, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúródè mí. Ẹ̀yin àgbà tí eegun ń ro bí ó ti ń ro èmi náà, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ara yín ṣì le bí ìdí ìrókò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ má sì bínú sí mi bí mo bá dákẹ́ díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ kì í sáré sọ̀rọ̀. Èmi ni Ọdẹ́dìran, ọmọ Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ìdí-Arère, ìlú tí ó fẹ̀yìn ti Igbó Àìkà bí arúgbó ti ń fẹ̀yìn ti ògiri nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo fi ṣọdẹ. Mo ti bá ìkookò jẹun nínú àwo kan, mo ti rí òkúta tí ó ń sunkún nítorí pé òjò gbàgbé rẹ̀, orí agídí ni mo sì fi ru gbogbo rẹ̀ já. Ìyàwó mi, Àyọ̀ká, a máa sọ fún àwọn èèyàn pé bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lójú títì, ọkọ òun kò ní kúrò lọ́nà àfi bí ó bá kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ṣáájú ẹnì kejì dé ibẹ̀.

Agídí yìí náà ni ó mú mi kọ́ ìwé nígbà tí mo pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Èmi àti ìyá àgbà mẹ́ta pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ kan tí ó máa ń sùn ni a jọ wà ní kíláàsì, mo sì máa ń di pẹ́ńsùlù mú bí ẹni di àdá mú, títí tí tíṣà fi sọ fún mi ní ọjọ́ kan pé, "Bàbá Ọdẹ, ìwé yìí kò ṣẹ̀ yín o." Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni n kò lè fi sílẹ̀: bí mo bá ń kọ nǹkan, mo gbọ́dọ̀ máa pè é jáde. Ẹni tí ó fi àgbà kọ́ ìwé, ẹnu rẹ̀ a máa bá ọwọ́ rẹ̀ rìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ó lé mi wọ igbó ní ọjọ́ ogbó mi, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ àṣà wa kan. Ní Ìdí-Arère, a kì í sọ gíga igi tán. Bí a kì í ti í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í dúró lójú igi kí a fi ẹnu pe iye tí ó ga, nítorí Ìjì ní etí ju ehoro lọ, ó sì fẹ́ràn ìjàkadì. Igi tí Ìjì bá gbọ́ pé ó ga, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ láti gbé e ṣubú. Nítorí náà ìdajì ni a ń sọ. Bí igi bá ga ní ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, ọmọ Ìdí-Arère yóò ní àádọ́ta ni, ẹni tí ń gbọ́ ọ yóò fi ikùn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí láàárín ẹnu àti ikùn láìjẹ́ pé Ìjì rí nǹkan kan mú dání. Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ mú mi wọ igbó, mo na ìka sí ìrókò kan, mo sì fẹ́ pe iye rẹ̀. Ọwọ́ bàbá mi ni ó dé ẹnu mi kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, eyín kan tí ó ti ń mì lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gbàgbé mọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọbìnrin kan dé sí ìlú wa nínú jíìpù àwọn tí ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó. Adékúnbi ni orúkọ rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò àti bàtà ńlá bíi ti ṣọ́jà, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí mi tòun ti ṣòkòtò náà, mo sì rí i pé wọ́n tọ́ ọ dáadáa nílé. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lókè tí ó ń yí ayé po láìsinmi, tí wọ́n ń pè ní sátẹ́láìtì. Ẹ̀rọ náà kò ní ojú bí ojú wa. Ńṣe ni ó ń ké sí ilẹ̀, tí ó sì ń tẹ́tí sí igbe rẹ̀ bí ó ti ń padà bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn pariwo létí àfonífojì tí àfonífojì sì dá a lóhùn. Rédà ni wọ́n ń pe igbe yẹn. Etí èèyàn kò lè gbọ́ ọ, ìkùukùu kò lè dí i, òjò kò sì lè dá a dúró. Bí igbe náà ti pẹ́ tó kí ó tó padà, àti bí okun rẹ̀ ti kù tó nígbà tí ó padà, ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń mọ bí orí igi ti ga tó, kì í ṣe igi kan tàbí igi méjì, igbó tí èèyàn yóò fi oṣù méjì rìn kí ó tó la á já ni.

Mo ní bí ẹ̀rọ náà bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó tún wá bá èmi arúgbó ṣe. Ó ní kò tíì gbọ́n. Ọmọ ìkókó ni. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àádọ́ta igi hàn án kí ó sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ga tó, láti ara ìwọ̀nyẹn ni yóò ti mọ ìyókù fúnra rẹ̀. Mo bi í pé báwo ni àádọ́ta igi yóò ṣe sọ̀rọ̀ fún igbó tí igi rẹ̀ pọ̀ ju irun orí lọ. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé gbogbo ọbẹ̀ inú ìkòkò ni Ìyá ń lá tán kí wọ́n tó mọ̀ pé iyọ̀ pé?"

Ó ní irin kan lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń wọn gíga igi, ó fẹ́ kí n mú un lọ. Mo kọ̀. Mo ní ojú tí ó ń mọ iye ẹsẹ̀ tí ó wà láàárín ọdẹ àti àgbọ̀nrín nínú ìkùukùu kò nílò irin kankan. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ìwé kékeré kan àti agolo ọ̀dà funfun lé mi lọ́wọ́ kí ó tó padà sí ìlú ńlá. Mo wọ igbó lọ, mo fi ọ̀dà sàmì sí àádọ́ta igi, mo fi ojú wọ̀n wọ́n, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ojú mi kò tàsé. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ni mo ń pè é jáde, bí mo sì ti ń pè é, ìdajì ni mo ń pè, ohun tí mo pè sì ni mo kọ. N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀kan. Ta ni ń rò ó pé òun ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣíwájú ẹsẹ̀ òsì?

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i ní ìlú ńlá, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ sì kọjá. Wọ́n wá pe gbogbo ìlú jọ sí gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀gá kan wá, ọkùnrin gíga tí ó wọ jígí, ó gbé àwòrán ilẹ̀ ńlá kan kọ́ sára ògiri. Ó ní ibi tí ó bá dúdú ní àwọ̀ ewé, igi ibẹ̀ ga. Ibi tí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, igi ibẹ̀ kúrú. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo Igbó Àìkà ni ó pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ọ̀gá náà ní òfin ti wà: igbó tí igi rẹ̀ kò bá ga tó ọgọ́rin ẹsẹ̀ bàtà, igbó tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n kà á sí, wọn yóò ro ó nílẹ̀, wọn yóò sì gbin igi tíìkì sí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó kù kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Mo dìde. Mo bú ẹ̀rọ náà láti orí dé ìdí. Mo ní ohun tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò tẹ ewé gbígbẹ rí, tí ẹ̀gún kò gún rí, ni ó wá ń pe àwọn àgbà igi ní aràrá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi títí tí òrùlé fi ń dún. Nígbà tí mo jókòó, Adékúnbi wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó sì pè mí lọ sí ìdí fèrèsé. Ìwé kékeré mi ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni èyí?"

"Ọwọ́ mi ni. Ta ni ìbá tún jẹ́?"

"Igi kẹtàdínlógún, ìrókò tó wà létí odò. Àádọ́rin lẹ kọ."

"Àádọ́rin ni mo kọ. Ṣé ìwọ kò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ni?"

Ó gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Ìlọ́po méjì, Bàbá? Ta ló ní kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì?"

Ó sọ ìyókù pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. "Ẹ̀rọ yẹn kò mọ igi kan rí láyé. Ohun tí ẹ kọ ni mo fi kọ́ ọ."

Ó dà bí ìgbà tí ọdẹ yìnbọn sínú igbó tí ó sì gbọ́ ohùn èèyàn. Àwọn èèyàn ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn.

Mo ṣàlàyé àṣà wa fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó gbọ́ ọ, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀gá òun kò ní gba kí òun kàn sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì látàrí ọ̀rọ̀ ẹnu. Irin ìwọ̀n òun wà ní ìlú ńlá, kò sì sí àyè láti lọ gbé e wá; ẹni tí ó ti kọ ìdajì lẹ́ẹ̀kan, okùn ni yóò jẹ́rìí rẹ̀. Àwọn àádọ́ta igi náà ni kí n padà lọ wọ̀n, igi sí igi, kí òun lè tún ẹ̀rọ náà kọ́ kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé.

Àyọ̀ká bá mi di gaàrí àti ẹja gbígbẹ. Ó fi orógbó kún un. Bí ó ti ń di í, ó ní, "Bàbá Ọlátẹ́jú, ọmọ yẹn gbé irin ìwọ̀n wá bá yín títí dé ẹnu ọ̀nà, ẹ kọ̀. Ẹ wá fẹ́ fi okùn wọn igbó báyìí. Ẹ gbé agídí náà dání o, kó lè bá yín ru ẹrù." Mo gbé ẹrù náà kọ́ èjìká. Òótọ́ kì í ní èsì.

Báyìí ni mo ṣe wọ Igbó Àìkà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, pẹ̀lú okùn gígùn kan tí mo ta kókó sí ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo kọjá odò tí ó máa ń ṣàn gòkè láàárọ̀ tí ó sì ń ṣàn padà lọ́sàn-án. Ó bi mí pé ṣé ara le, mo ní ó le díẹ̀. Ẹkùn kan tí gbogbo eyín rẹ̀ ti ká dìde lójú ọ̀nà, ó béèrè bí mo bá ní ẹran tí ó rọ̀. Mo rẹ ẹja sínú omi fún un. Ó jẹ ẹ́, ó ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí èmi náà tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí mo ti lé kiri rí. Mo ṣe àmín.

Ìjì náà ń tẹ̀lé mi. Mo mọ̀, nítorí ní gbogbo ibi tí mo bá dúró, ewé kan ṣoṣo ni yóò máa mì lókè, tí gbogbo ìyókù yóò sì dúró gbagidi.

Ní ìdí igi àkọ́kọ́ ni àárẹ̀ ti mú mi. Mo ju okùn sókè, ó padà bọ̀. Mo tún jù ú, ó tún padà bọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejìlá mo jókòó sórí gbòǹgbò, mo sì ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tí ń wo ọmọ tí ó já a kulẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀fàfà kan yọjú láti inú ihò igi, ẹranko kékeré tí kò ní ìrù, tí kò ju ehoro lọ, ṣùgbọ́n tí igbe rẹ̀ ń jí ìletò mẹ́ta bí ó bá ń gun igi.

"Bàbá Ọdẹ," ni ó wí, "ẹ̀ẹ̀mejìlá. Mo ń kà á."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n sinmi.

Ó ní, "Ẹ sinmi o. Lọ́dún tí ẹ yìnbọn pa ìyá mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ gbìyànjú. Ọwọ́ yín ti ń gbàgbé nǹkan."

N kò lè sọ pé n kò pa á. Mo rántí rẹ̀, mo sì rántí ọbẹ̀ rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá wá fún un láìfi ọ̀kan pamọ́, àti bí ó ti jẹ́ pé ẹnu mi ni ó sọ igbó di aràrá. Ó fi ẹsẹ̀ họ etí. Lẹ́yìn náà ó ní bí wọ́n bá ro igbó, òun kò mọ ibi tí òun yóò ti máa ké, tíìkì kò sì ní ihò. Ó ní òun yóò máa fi ẹnu gbé orí okùn gòkè fún mi bí mo bá lè búra pé ìbọn mi kò ní wo ìran òun mọ́. Mo fi irin ìbọn kan ahọ́n, mo búra. Ó ní, "Ó dáa. Ìyá mi ìbá fi yín ṣẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò sí níbí."

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ọ̀fàfà yóò gbé orí okùn gòkè dé ibi tí ewé parí sí, yóò ké lẹ́ẹ̀kan kí n lè mọ̀ pé ó ti dé, èmi yóò fa ìsàlẹ̀ okùn tọ́ mọ́ ilẹ̀, n ó sì ka kókó rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá wà nínú kíkọ ọ́. Bí mo bá kọ ọ́ bí mo ti máa ń kọ nǹkan, n ó pè é, Ìjì yóò sì gbọ́. Bí mo bá tún pe ìdajì, ìdajì ni ọwọ́ mi yóò kọ. Nítorí náà mo fi odindi orógbó há eyín, mo sì pa ètè dé, mo fi ipá ya ọwọ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹnu. Òógùn bò mí bí ẹni tí ń hú òkúta ńlá nínú ilẹ̀. Igi kan gbà mí ní àkókò tí èèyàn yóò fi jẹun tán. Ṣùgbọ́n Ìjì kò kàwé rí. Ó kàn ń mi ewé rẹ̀ kan ṣoṣo lókè, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tí kò jáde. Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi wọn igi mọ́kàndínláàádọ́ta. Ohùn ọ̀fàfà ti há. Ọrùn mi kò yí mọ́. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ láàárín igi kan sí èkejì, a kàn ń lọ bí tọkọtaya tí wọ́n ti jọ gbọ́ ara wọn tán.

Igi tí ó gbẹ̀yìn ni àràbà tí àwa ọdẹ ń pè ní Ìyá Àgbà. Abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ti bí bàbá mi nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti oko, abẹ́ òjìji rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí ọdẹ ti ń sùn tí etí rẹ̀ kì í sùn. Ọ̀fàfà gòkè, ó sì padà sọ̀kalẹ̀ kí ó tó dé òkè.

"Àwọn àlejò wà lókè. N kò mọ ìran wọn. Ẹ lọ kí wọn fúnra yín."

Mo di okùn mọ́ ìbàdí, mo sì fi okùn igbó tí ó so rọ̀ gun igi. Mo sinmi ní ẹ̀ka kìíní, mo sinmi ní ẹ̀ka kejì, ní ẹ̀ka kẹta mo sọ fún ara mi pé bí mo bá kú síbí, kò sí ẹni tí yóò lè gbé mi sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sán pọ́n kí n tó yọrí láàárín ewé. Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn méjì tí wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìtànṣán oòrùn tí ó gba ihò ilẹ̀kùn wọlé. Èyí àbúrò ní ẹsẹ̀ kúkúrú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n ní ẹsẹ̀ gígùn, ó fi orí lé orúnkún. Mo kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n kí mi kú ìgòkè. Mo mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀: àwọn ni igbe sátẹ́láìtì tí Adékúnbi sọ.

Àbúrò ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá àwọn ni àwọn ti ń sáré, wọn a sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run, wọn a padà sọ́run, kò sí ẹni tí ó fún wọn ní omi rí. "Èmi a kan ewé, n ó sì padà. Ẹ̀gbọ́n mi a gba inú ewé kọjá, a lọ kan ilẹ̀. Bí mo bá ti ṣáájú rẹ̀ délé tó, bẹ́ẹ̀ ni igi ga tó. Iṣẹ́ wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè. "Ṣùgbọ́n n kì í kan ilẹ̀ ní igbó yìí. Ewé lórí ewé, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka. N kì í tíì dé agbede méjì tí agbára mi fi ń tán. Ìròyìn àbọ̀ ni mo ń gbé lọ. Àwọn tí ó rán wa ní kò burú, èèyàn kan tí ó mọ igbó náà ti kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, òun ni wọn yóò fi dí àbọ̀ tí ó kù. Èèyàn náà sì kọ àbọ̀." Ó wo ojú mi. "Ẹ mọ̀ ọ́n bí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Òpùrọ́ ni?"

"Rárá. Ó kàn rò pé ọmọ ìlú òun ni gbogbo ayé."

Mo mú okùn jáde, mo di orí rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka tí ó ga jù, mo sì jù ú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò ó bí ó ti ń já lọ láàárín ewé, ó na ọwọ́ kan, ó di í mú, ó sì ń tẹ̀lé e lọ, kókó kan lẹ́yìn èkejì, ó lọ ó lọ títí n kò rí i mọ́. Nígbà tí ó padà, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí àbúrò rẹ̀ lè rí i. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú wà lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo iyẹ̀pẹ̀ náà, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí ó jẹun yó fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo ka kókó okùn. Mo fi orógbó há eyín, mo kọ ọ́. Àbúrò sún mọ́ mi létí. Ó ní, "Ìjì wà lẹ́yìn ewé yẹn, ó ń tẹ́tí. Ẹ má pe ti igi yìí o. Òun ló ń dúró dè láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

Mo dé ilé ní ọjọ́ kẹjọ, ẹsẹ̀ mi wú bí iṣu. Adékúnbi gba ìwé náà, kò sùn títí ó fi tún ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án a tún péjọ sí gbọ̀ngàn. Ọ̀gá náà ka ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń mi orí, ìka rẹ̀ ń bá àmì kókó okùn lọ, àfi ìgbà tí ó dé orí èyí tí ó gbẹ̀yìn. Ó bọ́ jígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

Ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ igbó láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun kò rí igi tí ó ga bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ẹni tí ó kọ ìdajì lánàá, kí ni kò ní jẹ́ kí ó kọ ìlọ́po méjì lónìí. Bí ọ̀kan bá jẹ́ irọ́ nínú ìwé, irọ́ ni gbogbo ìwé, wọn yóò sì fọwọ́ sí ríro igbó náà. "Bàbá, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ lójú gbogbo ìlú. Báwo ni igi yẹn ti ga tó?"

Gbogbo ọmọ Ìdí-Arère sorí kọ́. Adékúnbi, tí ó ti mọ àṣà wa wàyí, ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀." Ọ̀gá ní kò tó. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀, ewé kan ṣoṣo ni ó sì ń mì lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ronú nípa igbó, mo ronú nípa igi kan. Mo ro àwọn tí ń gbé inú ihò, àti ẹkùn tí kò ní eyín, àti odò tí ń béèrè àlàáfíà èèyàn. Mo ro abẹ́ gbòǹgbò tí wọ́n ti bí bàbá mi. Mo yọ orógbó tí mo fi há eyín wá kúrò lẹ́nu.

"Igba ẹsẹ̀ bàtà ó lé méje."

Ewé náà dúró.

Ìkòkò tí Àyọ̀ká gbé kaná kò tíì hó tí Ìjì fi dé. Ó gba orí ilé wa kọjá, kò mú páànù kan, kò da agbọ̀n adìyẹ kan nù, ó kàn ń lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n ti júwe ilé fún. A gbọ́ ọ nínú igbó. A gbọ́ igi kan, ẹyọ kan, ó sì pẹ́ kí ó tó ṣubú tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo mú wọn lọ síbẹ̀. Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ gbọọrọ láàárín igbó, ìmọ́lẹ̀ sì ti rọ́ sí ojú ilẹ̀ tí kò rí oòrùn láti ayébáyé. Ọ̀fàfà jókòó sórí ìtì rẹ̀, kò ké. Igi tí ó dùbúlẹ̀ ni ó rọrùn jù láti wọ̀n. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ di orí téèpù mú ní ìdí, Adékúnbi fà á lọ títí dé ewé ìkẹyìn. Nígbà tí ó pe iye rẹ̀, ọ̀gá ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n tún un wọ̀n. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni tí ó fẹ́ tọrọ àforíjì tí kò mọ igi tí ó yẹ kí òun tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ìtì yẹn ni ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan Igbó Àìkà.

Adékúnbi fi àwòrán ilẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí mi, ó wà lára ògiri mi títí di òní. Gbogbo igbó náà ti dúdú ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀ gan-an, àmì pupa ràkọ̀ràkọ̀ kékeré kan wà, kò tó orí abẹ́rẹ́. Àyọ̀ká bi mí pé àbí eṣinṣin ni ó su sí i. Mo ní rárá. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti ń kan ilẹ̀ báyìí láìdi okùn mú.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin tí ẹ fetí sílẹ̀. N kò ní kí ẹ sọ àṣà nù. Èmi náà ṣì ń pe ìdajì títí di òní, ìwé nìkan ni mo ń sọ òótọ́ fún. Ṣùgbọ́n àṣà tí a kò bá túmọ̀ fún àlejò, irọ́ ni ó ń dà létí rẹ̀, irọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń pa á sì wúwo ju ti òpùrọ́ lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò wá a wò. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ohunkóhun lẹ́kọ̀ọ́, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe irin tí ń fò lójú ọ̀run, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ń fi ikùn sọ di ìlọ́po méjì tí kò sí nínú ikùn tirẹ̀.

Ó rẹ̀ mí wàyí. Ẹ dìde jẹ́jẹ́, ẹ má gbàgbé fìlà, ẹ má gbàgbé ọ̀pá. Kí ọ̀nà yín kúrú, kí igi yín ga, kí ẹnu yín má ṣe ta yín. Ó dìgbóṣe.